Kọ́tàsì Bọ̀dá Dìran

Festac Town, Lagos.
Ọjọ́ kẹsàn-án, oṣù Kejì, 2025.

Bọ̀dá Dìran mi,

Ẹ kú òtútù o. Dádì ní kí n kọ́kọ́ béèrè bóyá ẹ ń jẹun, kí n tó sọ ohunkóhun mìíràn. Nítorí náà: ṣé ẹ ń jẹun?

Lẹ́tà tí ẹ kọ nínú oṣù Kejìlá dé sínú àpótí Dádì ní ilé ìfìwéránṣẹ́ lọ́sẹ̀ tó kọjá. Ẹ mọ̀ pé àwọn nìkan ló kù ní òpópónà kílóòsì wa tó ṣì ní àpótí níbẹ̀. Ojú wọn ti burú sí i, Bọ̀dá. Dókítà ní àfi kí wọ́n ṣiṣẹ́ abẹ fún wọn kí wọ́n tó tún lè kàwé. Èmi ni mo wá ń ka lẹ́tà fún wọn báyìí, èmi náà ni mò ń kọ èsì. Tí ẹ bá rí i pé ọ̀rọ̀ náà kò já geere, ẹ má bínú. Èmi ni, kì í ṣe àwọn.

Nínú lẹ́tà yẹn, ẹ kọ ọ́ pé: “Mo ti ní ilé tèmi. Ìjọba ń bá mi san nínú owó rẹ̀.” Ìyẹn nìkan. Nígbà tí mo kà á débẹ̀, Dádì ní kí n dúró. Wọ́n ní kí n tún un kà. Wọ́n wá bi mí pé, “Irú ilé wo nìyẹn?” Èmi náà kò mọ̀. Ṣùgbọ́n wọ́n ń retí ẹnu mi, mo sì fẹ́ kí inú wọn dùn, mo bá ní, “Ó máa dà bíi kọ́tàsì ni, Dádì.”

Mi ò mọ̀ pé ọ̀rọ̀ kan ṣoṣo lè rìn jìnnà tó báyẹn. Dádì dìde dúró. Wọ́n ní, “Ọmọ ọdún mẹ́ẹ̀ẹ́dọ́gbọ̀n lèmi náà nígbà tí orúkọ mi jáde nínú ìbò tí ìjọba fi pín àwọn ilé yìí. Akọ̀wé kékeré lásán! Wọ́n ní kí n wá gba kọ́kọ́rọ́.” Ẹ mọ ìtàn náà. Lọ́jọ́ Àìkú tó tẹ̀lé e, wọ́n dúró níwájú ìjọ, wọ́n dúpẹ́ pé ìjọba Amẹ́ríkà ti fún ọmọ àwọn ní kọ́tàsì, ilé òṣìṣẹ́ ìjọba. Gbogbo àwọn tí wọ́n jọ fẹ̀yìntì lẹ́nu iṣẹ́ ìjọba àpapọ̀ ló wá bọ̀ wọ́n lọ́wọ́.

Ìyókù ni mò ń bẹ̀rù láti kọ. Ẹ rántí Ọ̀gbẹ́ni Ládélé, tí tábìlì tiwọn àti ti Dádì kọjú síra ní ọ́fíìsì fún ọdún mọ́kànlá. Dammy ọmọ wọn ti rí ilé ìwé wọ̀ ní Columbus tí ẹ wà yẹn gan-an. Inú oṣù Kẹjọ ló ń bọ̀. Dádì ti sọ fún wọn pé kó má wulẹ̀ wá yàrá kankan, ọ̀dọ̀ yín ló máa gbé fún ọdún mẹ́rin tó máa fi kàwé. Àdírẹ́sì yín ti wà lọ́wọ́ rẹ̀. Wọ́n tún ní tí mo bá ṣe dáadáa ní ọdún kìíní mi yìí, èmi náà á wá bá yín. Jọ́gíráfì ni mò ń kà. Mi ò rò pé mò ń ṣe dáadáa.

Ẹ jọ̀ọ́, ẹ tètè fèsì. Ẹ kì í gbé fóònù, mi ò sì mọ ohun tí mo ṣe.

Àbúrò yín tí àyà rẹ̀ ń já,
Ẹwàolúwa.


Columbus, Ohio.
Ọjọ́ kẹrìndínlógún, oṣù Kẹta, 2025.

Ẹwà,

Mo rí lẹ́tà rẹ. Kí Dammy má wá. Sọ fún Dádì pé ilé náà kò gba ènìyàn méjì. Kì í ṣe kọ́tàsì. Èmi kò sọ pé kọ́tàsì ni, ìwọ lo sọ bẹ́ẹ̀.

Ta ló ní kí wọ́n fún ènìyàn ní àdírẹ́sì mi? Ẹ máa ń pín ohun tí ẹ kò tíì fojú rí.

Mò ń jẹun.

Dìran.


Festac Town, Lagos.
Ọjọ́ kọkànlélógún, oṣù Kẹrin, 2025.

Bọ̀dá mi,

Ẹ kú ọdún Àjíǹde. Ẹ̀ẹ̀mẹta ni mo ka lẹ́tà yín kí n tó kà á fún Dádì. Òótọ́ ni pé èmi ni mo sọ ọ̀rọ̀ yẹn. Mo máa ń rántí rẹ̀ lójoojúmọ́, àní nínú kíláàsì.

Dádì kò pariwo. Wọ́n ní, “Kò gba ènìyàn méjì? Yàrá méjì ni ìjọba fún mi níbí. Lọ́dún tí a bí Dìran, àwa mọ́kànlá là ń sùn nínú ilé yìí. Inú pálọ̀ ni àbúrò ìyá rẹ̀ bímọ sí. Ta ni mo lé?” Mo ní bóyá ilé yín kéré. Wọ́n ní, “Ilé kì í kéré. Ọkàn ló ń kéré.” Nígbà tí Ọ̀gbẹ́ni Ládélé yà wá kí wa lọ́jọ́ kejì, Dádì kò lè sọ ohun tí ẹ wí fún wọn. Dammy ṣì ń bọ̀. Dádì gbà pé ẹ máa yí ọkàn padà.

Ìròyìn mìíràn tí mo ní kò dára. Ẹ rántí Bọ̀dá Ọlákìtán tó ń gbé yàrá ẹ̀yìn ní ilé nọ́ńbà márùn-ún, tó máa ń tún rédíò ṣe? Wọ́n wà ní ilé ìwòsàn àwọn alárùn ọpọlọ fún ìgbà díẹ̀. Inú oṣù Kejì ni wọ́n padà dé, ara wọn ti balẹ̀, wọ́n ń kí gbogbo ènìyàn. Ṣùgbọ́n àwọn ará kílóòsì kọ̀wé sí onílé pé kó lé wọn, ó sì lé wọn. Inú ilé kan tí wọn ò tíì kọ́ parí lápá Alákijà ni Bọ̀dá Ọlákìtán wà báyìí. Mo pàdé wọn lẹ́ẹ̀kan. Wọ́n bi mí bóyá rédíò Dádì ṣì ń sọ̀rọ̀. Mo ní ó ń sọ̀rọ̀. Mi ò mọ ìdí tí mo fi ń sọ èyí fún yín.

Ṣé ẹnìkan wà lọ́dọ̀ yín ni? Dádì rò pé obìnrin ni. Tó bá jẹ́ bẹ́ẹ̀, ẹ sọ fún mi, mi ò ní sọ fún ẹnikẹ́ni. Èmi náà ní ohun kan tí mi ò tíì sọ: tí ìdánwò bá ti ń sún mọ́, ọkàn mi máa ń sáré débi pé mi ò ní gbọ́ ohun tí olùkọ́ ń sọ. Mo máa ń rí ẹnu rẹ̀ tó ń mì lásán.

Èmi ni tiyín,
Ẹwà.


Columbus, Ohio.
Ọjọ́ kìíní, oṣù Kẹfà, 2025.

Ẹwà, àbúrò mi,

Ẹ̀ẹ̀mẹrin ni mo bẹ̀rẹ̀ lẹ́tà yìí tí mo sì fà á ya. Kọ́kọ́ dárí jì mí. Kò yẹ kí n kọ̀wé sí ọ bí mo ṣe kọ ọ́ nínú oṣù Kẹta.

Kò sí obìnrin kankan. Wá ibi tí kò sí èrò jókòó sí kí o tó ka ìyókù.

Lọ́dún 2022, nígbà tí mò ń bá wọn kó ẹrù ní ilé ìkẹ́rùsí kan, mo bẹ̀rẹ̀ sí í gbọ́ ohùn. Ó kọ́kọ́ ń pe orúkọ mi bí Mọ́mì ṣe máa ń pè é, mo sì rò pé ìtùnú ni, torí kò tíì pẹ́ tí wọ́n kú. Nígbà tó yá, ó di ohùn àwọn tí mi ò mọ̀. Inú fóònù ni wọ́n ti ń bá mi sọ̀rọ̀, kódà tí mo bá ti pa á. Ìdí nìyẹn tí mi ò fi ń gbé e. Kì í ṣe ìwọ lo ṣe mí ní nǹkan kan. Mò ń mu ọtí kí n lè sùn. Nígbà tí ọtí kò mú oorun wá mọ́, mò ń ra oògùn lọ́wọ́ àwọn tó ń tà á ní kọ̀rọ̀. Iṣẹ́ bọ́. Wọ́n gba ilé tí mo yá. Oṣù mẹ́rin ni mo fi sùn nínú mọ́tò mi. Ìgbà yẹn ni mo dúró níwájú ilé onílé kan, mo ya fọ́tò ara mi, mo fi ránṣẹ́ sí Dádì pé ibẹ̀ ni mò ń gbé.

Ọlọ́pàá ló gbé mi dé ilé ìwòsàn. Wọ́n sọ orúkọ àìsàn náà fún mi ní èdè tiwọn. Mi ò lè kọ ọ́ ní èdè tiwa, torí èyí tí a ń pè é láàárín ara wa, èébú ni.

Nígbà tó kù díẹ̀ kí wọ́n dá mi sílẹ̀, obìnrin kan tó ń jẹ́ Lilian, tí iṣẹ́ rẹ̀ jẹ́ láti máa bá àwọn aláìsàn wá ilé, wá jókòó tì mí. Ó bi mí níbo ni mò ń lọ. Mo ní inú mọ́tò. Ó ní ètò kan wà tí ìjọba fi ń bá àwọn tí irú àìsàn yìí ń ṣe, tàbí tí ọtí àti oògùn ti mú lẹ́rú, san owó ilé. Mo ní, “Ẹ jẹ́ kí ara mi kọ́kọ́ yá ná.” Ó ní, “Ṣé inú mọ́tò lara rẹ ti fẹ́ yá?”

Mo gbà, ṣùgbọ́n oṣù méje ni mo fi dúró kó tó kàn mí. Nǹkan bí ìdá kan nínú mẹ́ta ohun tí mò ń rí lóṣù ni mò ń san, wọ́n ń san ìyókù fún onílé. Lilian máa ń wá lọ́sọ̀ọ̀sẹ̀. Ó ń béèrè oògùn tí mò ń lò, ó ń béèrè oúnjẹ, ṣùgbọ́n kò lè gba kọ́kọ́rọ́ lọ́wọ́ mi. Orúkọ mi nìkan ló wà nínú ìwé ilé. Àlejò kò gbọdọ̀ sùn ju ọjọ́ mẹ́rìnlá lọ. Tí Dammy bá kó ẹrù rẹ̀ wọlé, wọ́n lè gba ilé náà. Tí wọ́n bá sì gbà á, Ẹwà, mọ́tò yẹn gan-an kò sí mọ́.

Mo ní bẹ́ẹ̀dì. Mi ò tíì lè sùn lórí rẹ̀. Ẹ̀bá ilẹ̀kùn ni mò ń sùn, lórí ilẹ̀, tèmi ti bàtà lẹ́sẹ̀, bí mo ṣe máa ń sùn nínú mọ́tò nígbà tí àwọn ọlọ́pàá máa ń kan gíláàsì rẹ̀ pé kí n máa lọ.

O ní àwọn ará kílóòsì kọ̀wé nípa Bọ̀dá Ọlákìtán. Ta ló fọwọ́ sí i? Tí o kò bá lè dáhùn, má dáhùn. Ìdí tí mi ò fi lè sọ fún Dádì nìyẹn. Má ka lẹ́tà yìí fún wọn.

Ní ti ọkàn rẹ tó ń sáré, wá ẹnìkan ní ilé ìwé yín tí o lè sọ ọ́ fún. Má dá a gbé bí mo ṣe dá tèmi gbé.

Ẹ̀gbọ́n rẹ,
Dìran.


Festac Town, Lagos.
Ọjọ́ kẹfà, oṣù Keje, 2025.

Bọ̀dá mi,

Orí àtẹ̀gùn ilé ìkàwé wa ni mo ti ka lẹ́tà yín. Mo jókòó síbẹ̀ títí tí ẹ̀ṣọ́ fi ní kí n dìde kí àwọn ènìyàn rí ọ̀nà kọjá. Mi ò mọ ohun tí wọ́n ń sọ fún ènìyàn nírú àkókò yìí. “Ẹ kú ìnira” dà bí ohun tí à ń sọ fún ẹni tó ru ẹrù kọjá níwájú ilé. Ṣùgbọ́n òun náà ni mo ní. Ẹ kú ìnira, Bọ̀dá.

Ẹ béèrè ẹni tó fọwọ́ sí ìwé yẹn. Dádì ni orúkọ kejì. Èmi sì ni mo tẹ̀ ẹ́ lórí kọ̀ǹpútà. Wọ́n ń sọ ọ́, mò ń tẹ̀ ẹ́: “fún ààbò àwọn ọmọ wa”. Mo tilẹ̀ bá wọn tún gbólóhùn kan ṣe kó lè dùn ún kà.

Bọ̀dá, nǹkan tún ti bàjẹ́ sí i. Akọ̀wé ilé ìfìwéránṣẹ́ sọ fún Dádì pé lẹ́tà yín ti dé. Wọ́n jókòó sídìí tábìlì, wọ́n ní, “Kà á.” Mo ṣí i, mo sì ń ka ohun tí kò sí níbẹ̀. Mo ní ẹ kí wọn. Mo ní òrùlé ilé yín ń jò, wọ́n ń tún un ṣe, ìdí nìyẹn tí kò fi gba àlejò. Dádì rẹ́rìn-ín títí omi fi bọ́ lójú wọn. “Àwọn òṣìṣẹ́ ìjọba! Ní Amẹ́ríkà náà, òrùlé kọ́tàsì ń jò!” Wọ́n wá ní, “Mú bírò. Mo mọ bí a ṣe ń bá wọn sọ̀rọ̀.”

Wọ́n kọ̀wé sí ọ̀gá tó ń mójú tó ilé ìjọba ní Columbus. Wọ́n kọ ipò tí wọ́n wà kí wọ́n tó fẹ̀yìntì, wọ́n kọ nọ́ńbà fáìlì tí wọ́n fi fún àwọn fúnra wọn ní ilé, wọ́n sì bẹ ọ̀gá náà, gẹ́gẹ́ bí òṣìṣẹ́ ìjọba sí òṣìṣẹ́ ìjọba, pé kó fi orúkọ Dammy kún tiyín. Mo ní èmi á lọ fi ránṣẹ́. Mo rò pé mo lè tọ́jú rẹ̀ sínú báàgì mi. Wọ́n ní rárá o, ìwé tí ènìyàn bá fọwọ́ ara rẹ̀ gbé dé ọ́fíìsì ni wọ́n máa ń tètè fọwọ́ sí. Wọ́n ti gbé e fún Ọ̀gbẹ́ni Ládélé. Dammy ló máa mú un dání, ọjọ́ kẹrìnlélógún oṣù Kẹjọ ló sì ń wọ bàálù.

Ẹ̀ẹ̀mejì ni mo ti ba nǹkan jẹ́ torí mo fẹ́ kí inú Dádì dùn. Mi ò fẹ́ ṣe é lẹ́ẹ̀kẹta. Tí mo bá sọ òótọ́ fún wọn, mo ti da yín. Tí mi ò bá sọ ọ́, ilé yín lè lọ. Ọ̀rọ̀ yín ni, kì í ṣe tèmi. Kí ni kí n ṣe?

Ẹwà.


Columbus, Ohio.
Ọjọ́ kẹrìnlélógún, oṣù Keje, 2025.

Ẹwà,

Ọ̀nà tó yá jù ni mo fi èyí ránṣẹ́. Ka lẹ́tà oṣù Kẹfà fún Dádì. Kà á bó ṣe wà. Má yọ nǹkan kan, má fi nǹkan kan kún un. Ka ti ọtí. Ka ti fọ́tò. Ka ibi tí mo ti béèrè ẹni tó fọwọ́ sí ìwé.

Tí wọ́n bá dìde kúrò lórí ìjókòó, jẹ́ kí wọ́n dìde. Tí wọ́n bá ní èmi kì í ṣe ọmọ wọn mọ́, kọ ìyẹn náà sí mi. Mo ti gbọ́ ohùn tó burú ju bẹ́ẹ̀ lọ.

Dìran.


Festac Town, Lagos.
Ọjọ́ kẹtàdínlógún, oṣù Kẹjọ, 2025.

Dìran ọmọ mi,

Èmi ni mò ń sọ ọ́, Ẹwàolúwa ló ń kọ ọ́. Mo ti kìlọ̀ fún un kó má tún ọ̀rọ̀ mi ṣe.

Ó ka lẹ́tà rẹ fún mi, mo sì ní kó tún un kà. Mo ti fura nígbà àkọ́kọ́. Ojú mi ni kò ríran, etí mi ń gbọ́ràn. Mo gbọ́ nígbà tó ń tú u, ewé ìwé mẹ́ta ni. Ohun tó kà kò kún ẹyọ kan. N kò sọ̀rọ̀, torí ẹ̀rù ohun tó wà nínú méjì yòókù ń bà mí.

Mo bínú, n kò ní purọ́. Fọ́tò yẹn ló dùn mí jù. Mo ti fi férémù sí i, ó wà lára ògiri pálọ̀, gbogbo àlejò ni mò ń fi hàn. Mo ní kí Ẹwà gbé e sọ̀kalẹ̀. Lọ́jọ́ kejì mo ní kó gbé e padà. Kì í ṣe tìtorí ilé ni mo ṣe gbé e kọ́.

Mo ti lọ bá Ládélé, mo gba ìwé mi padà. Ó ní, “Adébánjí, ṣé ọmọ rẹ ti ga jù wá lọ ni?” Mo ní, “Ládélé, ìwọ náà ṣe iṣẹ́ ìjọba. Ẹni tí orúkọ rẹ̀ bá wà nínú ìwé ló ni ilé.” N kò sọ ìyókù fún un, torí kì í ṣe tèmi láti sọ. Wọ́n ti wá yàrá fún Dammy nínú ọgbà ilé ìwé rẹ̀. Ládélé kò bá mi ṣàwàdà bíi tàtẹ̀yìnwá mọ́.

Mo tún ní kí Ẹwà gbé ìwé ilé yìí jáde, èyí tí wọ́n fún mi pẹ̀lú kọ́kọ́rọ́. Òfin kan wà níbẹ̀ pé kò sẹ́ni tó gbọ́dọ̀ bá mi gbé níbí ju ìyàwó àti ọmọ mi lọ. Àwa mọ́kànlá! Kò sẹ́ni tó wá yẹ̀ mí wò. Ká ní wọ́n wá ni, níbo là bá bí ọ sí? Mo rí àánú gbà, mo wá ń pè é ní ọkàn ńlá.

Ní ti Ọlákìtán, mo fọwọ́ sí i. Orúkọ mi ni ìkejì. Mo ti kọ ìwé mìíràn pé mo yọ ọwọ́ mi kúrò. Wọ́n kà á ní ìpàdé, ẹnìkan ní, “Bàbá, ṣé ẹ fẹ́ gbà á sí pálọ̀ yín ni?” Wọ́n rẹ́rìn-ín. Onílé sì ti fi yàrá náà fún ẹlòmíràn. Ní Sátidé, Ẹwà mú mi lọ́wọ́ lọ sí Alákijà, a sì bá a níbẹ̀. Mo gbé rédíò mi dání, mo ní kó bá mi yẹ̀ ẹ́ wò. Kò sí ohun tó ṣe rédíò náà. Ó mọ̀ bẹ́ẹ̀. Ó tú u, ó nu inú rẹ̀, ó dè é padà, ó ní kí n máa gbé e kúrò níbi tí oòrùn wà. Ọdún márùndínlógójì ni mo fi kọ̀wé sí ọ́fíìsì ìjọba, n kò mọ èyí tí mo lè kọ̀wé sí pé kí wọ́n bá irú ẹni bẹ́ẹ̀ san owó yàrá. Mo ṣì ń bi àwọn ènìyàn.

Ó ku ohun kan. O ní ẹ̀bá ilẹ̀kùn lo ń sùn, tìwọ ti bàtà lẹ́sẹ̀. Ìyẹn ni n kò lè gbé kúrò lọ́kàn. Ọjọ́ tó bá yí padà, kọ ọ́ sí mi.

Èmi ni bàbá rẹ,
Adébánjí.

Bọ̀dá, èmi Ẹwà rèé. Dádì kò tíì lè pe orúkọ kankan fún àìsàn yín, “ọ̀rọ̀ Dìran yẹn” ni wọ́n ń pè é. Mo lọ rí agbaninímọ̀ràn ilé ìwé wa. Ẹ̀ẹ̀mejì ni mo dé ẹnu ọ̀nà tí mo padà, ṣùgbọ́n mo wọlé lẹ́ẹ̀kẹta. Mi ò tún nǹkan kan ṣe nínú lẹ́tà Dádì, àfi kọ́mà méjì.


Columbus, Ohio.
Ọjọ́ kẹrìnlá, oṣù Kẹsàn-án, 2025.

Dádì mi,

Ẹ kú ilé o. Dammy wá kí mi lánàá, ó gbé gàrí tí ẹ fi rán an wá. A jẹun, a wo bọ́ọ̀lù, ó padà sí yàrá rẹ̀ nígbà tí ilẹ̀ ń ṣú. Kò béèrè ohunkóhun nípa ilé náà. Nígbà tó ń lọ, ó dúró lẹ́bàá ilẹ̀kùn láti wọ bàtà rẹ̀, ó sì bi mí bóyá mo fẹ́ jáde ni, torí tèmi wà lẹ́sẹ̀ mi. Mo ní rárá, n kò lọ síbì kankan.

Lẹ́yìn tó lọ, mo bọ́ bàtà mi.

Orí ilẹ̀ ni mo ṣì ń sùn, Dádì. Ṣùgbọ́n mo ti kúrò lẹ́bàá ilẹ̀kùn. Ẹ̀gbẹ́ bẹ́ẹ̀dì ni mo wà báyìí.

Ọmọ yín,
Adédìran.